Laptop tuntun: Ohun mẹ́rin tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí Yunifásítì LAUTECH wà láti ọdún 1990, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló nílò laptop. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí àwọn kan ń gbowó láti fi sí i ló ti wà nínú rẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Dátà: Windows 11 máa ń ṣe update fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ dátà fóònù lẹ ń lò, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, Wi-Fi, kí ẹ tan Metered connection. Èyí á dín dátà tó ń jẹ kù. Ẹ má pa update tì o; òun ló ń dí ihò tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà wọlé.

Fáírọ́ọ̀sì: Windows Security ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ pa á kí "crack" tó lè ṣiṣẹ́, ẹ má gbà.

Iṣẹ́ ìwé: LibreOffice jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Orí libreoffice.org ni kí ẹ ti gbà á.

Yorùbá: Ẹ lọ sí Settings, Time & language, Language & region, Add a language, kí ẹ yan Yoruba. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú Space láti pààrọ̀ èdè. Ẹ óò lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó lè gba Windows 11. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.