Oògùn Ọ̀rá Ara Tí Òfin Pè Ní Májèlé

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, láàárín ọdún 1914 sí 1918, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń bẹ ní ilẹ̀ Faransé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pípo ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun. Lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀tù náà ni ìyẹ̀fun kan tí a ń pè ní dinitrophenol. Kò pẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Òógùn ń bò wọ́n, ara wọn ń gbóná janjan, àwọn mìíràn sì kú. Ohun tí ó pa wọ́n yìí kan náà ni a wá tà fún ènìyàn bí oògùn.

Ní ọdún 1933, Maurice Tainter àti Windsor Cutting, onímọ̀ ìṣègùn méjì ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, kéde pé dinitrophenol a máa dín ọ̀rá ara kù. Òótọ́ ni. A máa mú kí agbára tí ara ń rí nínú oúnjẹ ṣòfò, kí ó di ooru lásán. Ara a sì máa jó ọ̀rá tí ó ti tò pamọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ń mú ènìyàn rù kò jìnnà sí ìwọ̀n tí ń pa ènìyàn, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ń tà á láìbéèrè ìwé dókítà. Ní ọdún 1934, Tainter fúnra rẹ̀ ṣírò pé, ó kéré tán, ènìyàn 100,000 ni ó ti lò ó ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1935, àwọn dókítà rí i pé ohun funfun ń bo ẹyinjú àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ó lò ó, ojú wọn sì ń fọ́.

Èé ṣe tí ìjọba kò fi dá wọn lẹ́kun? Òfin ọdún 1906 ka oògùn sí ohun tí a fi ń wo àrùn, a kò sì ka sísanra sí àrùn nígbà náà. Ó di ọdún 1937, tí oògùn olómi mìíràn, Elixir Sulfanilamide, pa ènìyàn tí ó ju 100 lọ, kí ariwo tó ta. Ní ọdún 1938 ni Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí òfin tuntun, a sì lé dinitrophenol kúrò lọ́jà.

Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó tún gbé e padà. Olùtà lè wà ní orílẹ̀-èdè kan, kí olùrà wà ní òmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì rí ojú ẹnì kejì. Ó pa àwọn ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí ìjọba ibẹ̀ fi kà á mọ́ májèlé tí òfin dè ní ọdún 2023. Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni ó ń forúkọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ kan kò lè dúró ti gbogbo fóònù tí ń bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ wà. Ọ̀rọ̀ olùtà kò yí padà láti ọdún 1933: kíá, láìṣe wàhálà. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú ni kì í bàjẹ́. Kí a kọ́ ọmọ láti béèrè ohun mẹ́ta kí ó tó sanwó: Kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò? Ta ni yóò dáhùn bí ó bá ṣe ènìyàn léṣe? Òfin a máa dé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkú ni ó sábà máa ń dé. Ìbéèrè ni ó lè ṣáájú.