Ẹnu Géètì Mọ́sálásí Kọ́ Ni Ààyè Wọn: Ẹ̀tọ́ Àwọn Tó Ní Ìpèníjà Ara Láàárín Àwa Mùsùlùmí

 

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, kí á tó wọ ọ̀pọ̀ mọ́sálásí nílẹ̀ Yorùbá, a ó ti bá àwọn afọ́jú àti àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé ní ẹnu géètì, tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń tọrọ sàká. A máa ń fún wọn, a sì máa ń ṣe àmín sí àdúà wọn. Lẹ́yìn náà a ó bọ́ bàtà, a ó wọlé lọ kírun. Púpọ̀ nínú wọn, Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n. Ládàánì ti pe ìrun, etí wọn gbọ́ bí etí tiwa ṣe gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló ti bi ọ̀kan nínú wọn léèrè rí pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ wọlé wá kírun?"

Ìbéèrè yìí ló mú wa kọ àkọsílẹ̀ yìí. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ẹ̀sìn sọ, ohun tí òfin Nàìjíríà sọ, àti ohun tí jàmáà, ilé kéwú àti ẹbí lè ṣe. Sàká dára, ṣùgbọ́n sàká kò lè rọ́pò ẹ̀tọ́. Ẹni tí a fún lówó níta, tí a kò ṣe ọ̀nà fún láti wọlé, a ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Àwọn wo ni ọ̀rọ̀ yìí kàn?

Tí a bá sọ pé ẹnì kan ní ìpèníjà ara, afọ́jú àti ẹni tí kò lè rìn nìkan kọ́ là ń sọ. Adití wà níbẹ̀, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, àfín tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà náà wà níbẹ̀. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Ìyá àgbà tí orúnkún kò jẹ́ kó lè foríkanlẹ̀ mọ́ kò sì jìnnà sí wọn. Ẹni tí Ọlọ́hun bá fún ní ẹ̀mí gígùn, ó ṣeé ṣe kí òun náà débẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá ń tún ọ̀nà wọn ṣe, ọ̀nà ara rẹ̀ ló ń tún ṣe.

Orúkọ tí à ń pè wọ́n náà ṣe pàtàkì. Nínú Súrà Hujurat (49), áyà 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ àti láti máa fún ara wa ní orúkọ burúkú. Àwọn àgbà wa náà sì sọ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Síbẹ̀, "arọ yẹn" àti "odi yẹn" ṣì wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, àní nínú ọgbà mọ́sálásí. Ẹni náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Orúkọ yẹn ni kí á máa pè é.

Èyí tó tún burú ju orúkọ lọ ni àwọn tó ń sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ìyá tàbí ti bàbá ló mú ọmọ rí bẹ́ẹ̀. Súrà Fatir (35), áyà 18, ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹnì kan kò ní ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ìtìjú tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kó bá òbí ló ń jẹ́ kí àwọn kan máa ti ọmọ mọ́ yàrá tí àlejò bá dé. Ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú ni. Ó wá bá Ànábì ní Mákà láti kọ́ ẹ̀kọ́, nígbà tí Ànábì ń bá àwọn olóyè Kuraeṣi sọ̀rọ̀. Ànábì fa ojú ro, ó sì yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọlọ́hun sọ ìbẹ̀rẹ̀ Súrà Abasa (80) kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: afọ́jú náà kò wá tọrọ owó. Ìmọ̀ ló wá gbà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìmọ̀ ni Ọlọ́hun sì dúró lé lórí.

Nígbà tí wọ́n dé Mẹ̀dínà, ọkùnrin yìí kan náà di ládàánì pẹ̀lú Bilal. Hádíìsì tó wà nínú Bukhari fi yé wa pé Bilal a máa pe ìpè kí àfẹ̀mọ́júmọ́ tó dé, ìpè ọmọ Ummu Maktum sì ni àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ kí wọ́n tó dá oúnjẹ sáárì dúró. Àwọn ènìyàn ni wọ́n máa ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́. Ohùn afọ́jú ni gbogbo ìlú fi ń bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ànábì tún máa ń fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà nígbà tí òun bá rìnrìn àjò.

Hádíìsì méjì mìíràn wà tó yẹ kí á kà pa pọ̀. Àkọ́kọ́ wà nínú Muslim: afọ́jú kan wá sọ fún Ànábì pé òun kò ní ẹni tó máa mú òun wá sí mọ́sálásí, ó sì bẹ̀bẹ̀ kí òun máa kírun nílé. Ànábì kọ́kọ́ gbà fún un, lẹ́yìn náà ó bi í bóyá ó ń gbọ́ ìpè. Ó ní òun ń gbọ́, Ànábì sì ní kó dá ìpè náà lóhùn. Èkejì wà nínú Bukhari: Itban ọmọ Malik, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, sọ pé àgbàrá òjò kì í jẹ́ kí òun dé mọ́sálásí àwọn ènìyàn òun. Ànábì fúnra rẹ̀ dìde lọ sí ilé rẹ̀, ó sì kírun níbi tí Itban fẹ́ máa lò fún ìrun.

Àwọn Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọjà. Nínú hádíìsì àkọ́kọ́, Ànábì ka afọ́jú mọ́ jàmáà. Nínú èkejì, òun ló tọ aláìlera lọ sílé. Kò sí ibi tó ti gbàgbé wọn nínú méjèèjì.

Lóòótọ́, Súrà Nur (24), áyà 61, àti Súrà Fath (48), áyà 17, mú ẹ̀bi kúrò lórí afọ́jú, amúkùn-ún àti aláìsàn. Ànábì náà sọ fún Imran ọmọ Husayn, nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, pé kó kírun lóròó, tí kò bá lè ṣe é kó jókòó, tí kò bá lè jókòó kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìrọ̀rùn fún wọn ni gbogbo èyí. Wọ́n lè gbà á tí ara bá ni wọ́n. Kò sí ẹni tó fún wa láṣẹ láti sọ ọ́ di ìlẹ̀kùn tí a ó tì mọ́ wọn lójú.

Ìtàn tí Tabari kọ sílẹ̀ fi hàn pé Kálífà al-Walid ọmọ Abdul-Malik, tó jọba ní Damasku láti ọdún 705 sí 715, yan owó fún àwọn aláìlera kí wọ́n má baà máa ṣagbe, ó sì fún afọ́jú ní ẹni tó ń mú un rìn.

Ohun tí òfin Nàìjíríà sọ

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 2011, ibẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní LASODA ti jáde. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ọdún 2018 tó ka yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ẹnikẹ́ni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san ìtanràn 100,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Iléeṣẹ́ tó bá ṣe é yóò san 1,000,000 náírà.

Òfin náà fi ọdún 5 sílẹ̀ kí àwọn ilé tí aráàlú ń lò fi di èyí tí wọ́n lè wọ̀ láìsí ìdíwọ́. Ọdún 5 náà parí ní oṣù Kìíní ọdún 2024.

Níbi tí àwọn ènìyàn bá tò sí, àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn.

Wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ó jẹ́ èèwọ̀ láti máa fi wọ́n tọrọ báárà. Kí ẹni tó ń mú afọ́jú kiri géètì mọ́sálásí láti fi í pa owó fetí sí èyí.

Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù lè gbé ẹjọ́ lọ bá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn ní Àbújá. Tó bá jẹ́ ní Èkó, kó lọ bá LASODA.

Ohun tí jàmáà lè ṣe

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré tó láti dá ẹni tó jókòó sórí àga onítáyà, èyí tí à ń pè ní kẹ̀kẹ́ arọ, padà sílé. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe ló máa yanjú rẹ̀. Òdiwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé mọ̀ ni pé, tí ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1 ga, kí ọ̀nà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀, yóò ga jù, ẹni náà lè ṣubú. Kí ẹ fi irin ìdìmú sí i, kí ìlẹ̀kùn sì fẹ̀ tó ínṣì 32 ó kéré tán. Mọ́sálásí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé kò ní náwó púpọ̀ lórí èyí. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán ló máa ń wọ́n.

Táyà àga náà dọ̀tí ńkọ́? Ẹ fi omi àti àkísà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ nù ún. Ìyẹn kò tó ìdí láti lé ènìyàn kúrò ní ilé Ọlọ́hun.

Níbi alùwàlá, ẹ ṣe ẹ̀rọ omi kan tí ẹni tó jókòó lè na ọwọ́ kàn, kí ilẹ̀ ibẹ̀ má sì máa yọ̀. Nínú mọ́sálásí, ẹ fi ẹni tó ń lo àga sí ìparí ìlà, kó wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn. Ẹ má fi í sí ẹ̀yìn gbogbo ayé. Ẹ má sì gbàgbé àwọn obìnrin: ní ọ̀pọ̀ ibi, orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń kírun, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà mìíràn fún ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn nísàlẹ̀.

Fún àwọn adití, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ tí yóò máa túmọ̀ wáàsí. Tí ẹ kò bá tíì rí i, kí Lèmọ́mù fi kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wọn kó tó gun mínbárì. Kí Lèmọ́mù náà sì rántí pé Ànábì pàṣẹ kí ẹni tó ń ṣáájú ìrun ṣe é ní fífúyẹ́, torí aláìlera, aláìsàn àti arúgbó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má ṣe déédéé di afọ́jú mú kí ẹ máa fà á. Ẹ kọ́kọ́ sálámà sí i, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Tó bá fẹ́, kí òun di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, kí ẹ máa sọ ibi tí àtẹ̀gùn wà fún un.

Ní ilé kéwú àti nínú ẹbí

Ẹ̀yin àáfáà wa, ọmọ afọ́jú lè há Àlùkùránì sórí nípa gbígbọ́. Àlùkùránì sì ti wà ní Braille, èyí tí wọ́n ń fi ìka kà. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan, pàṣán kò ní kó gbà á. Ẹ dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, kó máa kọ́ áyà kúkurú kan lẹ́ẹ̀kan. Súrà Bakara (2), áyà 286, ti sọ pé Ọlọ́hun kì í di ẹrù ru ènìyàn kọjá agbára rẹ̀. Tí ọjọ́ wólímọ̀ bá dé, kí òun náà wọ aṣọ, kó jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ ogún ni ìwà àìtọ́ ti wọ́pọ̀ jù. Ìpín tí Súrà Nisai (4), áyà 11, yàn fún ọmọ kò yí padà torí pé ojú rẹ̀ fọ́ tàbí etí rẹ̀ di. Tí ọpọlọ ọmọ náà kò bá lè bójú tó owó, alágbàtọ́ tí yóò bá a tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ yàn. Owó náà ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ní ọ̀rọ̀ yìgì, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lè fi ọwọ́ tàbí ìwé sọ pé òun gbà tàbí òun kò gbà. Kí ẹnikẹ́ni má gbà fún un lẹ́yìn rẹ̀.

Sàká dandan náà, àìní ló ń sọ ẹni di ẹni tó tọ́ sí i. Akanda tó lówó, òun náà gbọ́dọ̀ yọ sàká tirẹ̀. Kí á má rò pé gbogbo akanda ni alágbe.

Ẹ̀yin ará wa, kò dìgbà tí a bá kó owó ilé tuntun jọ. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wa tètè dé, kí a sálámà sí ẹni tó wà ní géètì, kí a bi í léèrè orúkọ rẹ̀, kí a sì bi í bóyá ó fẹ́ wọlé. Tó bá ní òun fẹ́, ẹ jọ lọ ṣe alùwàlá. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti fi ojú ara yín rí ohun tó ń dí i lọ́nà, èyí tí ẹ ó gbé lọ bá ìgbìmọ̀ mọ́sálásí.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí á jẹ́ ìdènà láàárín Òun àti ẹrúsìn Rẹ̀. Àmín.