Ipa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí jẹjẹrẹ ọyàn ká lórí ìtọ́jú ìtànṣán

Àyíká jẹjẹrẹ ọyàn ni àpapọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n wà nínú kókó jẹjẹrẹ tàbí tí wọ́n fara kàn án: sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá, sẹ́ẹ̀lì iṣan ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, àti fibroblast, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun okùn tó di ẹran ara pọ̀. Wọ́n wà lára ohun tó ń pinnu bóyá ìtànṣán yóò pa jẹjẹrẹ náà tán tàbí yóò ṣẹ́ díẹ̀ kù.

Ní ọdún 1889, Stephen Paget, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọyàn pa wò. Ó rí i pé àwọn ẹ̀yà ara kan máa ń gba àrùn náà ju òmíràn lọ. Ó wá fi sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ wé irúgbìn, ó sì fi ẹ̀yà ara wé ilẹ̀. Àfiwé yìí kò lè ṣòro fún ará Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀: irúgbìn kan náà kì í ṣe dáadáa bákan náà lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti ilẹ̀ tó ti ṣá.

Bí àyíká ṣe ń dáàbò bo jẹjẹrẹ

Ìtànṣán máa ń já DNA inú sẹ́ẹ̀lì, ọ́ksíjìn ni kì í sì í jẹ́ kí ibi tó já tètè ṣeé tún ṣe. Níbi tí ọ́ksíjìn bá ti ṣọ̀wọ́n gan-an, ìwọ̀n ìtànṣán tí yóò pa sẹ́ẹ̀lì kan náà lè tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó hù sínú kókó jẹjẹrẹ sábà máa ń wọ́, ó sì máa ń jò, nítorí náà àárín kókó ńlá kì í rí ọ́ksíjìn tó.

Ọ̀rọ̀ fibroblast ló díjú jù. Nínú ara tó le, ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọgbẹ́ bá wà, yóò sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọgbẹ́ bá jinná. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹjẹrẹ, ṣe ló ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ọgbẹ́ náà kò jinná rárá. Ó ń hun okùn líle, ó sì ń tú prótéènì TGF-β jáde, èyí tó ń ran sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ́wọ́ láti tún DNA rẹ̀ ṣe, tó sì ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun lọ́wọ́ kọ́. Ní ọdún 1994, Mary Helen Barcellos-Hoff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ọmú eku pé ìtànṣán fúnra rẹ̀ a máa jí prótéènì yìí. Ìtọ́jú náà, nígbà náà, lè jí olùgbèjà ọ̀tá dìde.

Okùn tí fibroblast hun pàápàá ní ipa tirẹ̀. Integrin β1 ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ fi ń di okùn náà mú. Nígbà tí Catherine Park, Mina Bissell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní California dí i lọ́wọ́, ìtànṣán pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ púpọ̀ sí i. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé tẹ̀ ẹ́ jáde pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn tó bá sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá gbé máa ń la ìtànṣán já ju èyí tó dá wà lọ. Ní ti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ọwọ́ wọn kò ṣọ̀kan: àwọn kan ń pa jẹjẹrẹ, àwọn mìíràn ń bọ́ ọ.

Inú yàrá àyẹ̀wò àti ara eku ni ọ̀pọ̀ àbájáde wọ̀nyí ti wá. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí wọn sá fún ìtànṣán: àkópọ̀ ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2011 fi hàn pé, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó dá ọmú sí, ìtànṣán dín ìpadàbọ̀ àrùn láàárín ọdún mẹ́wàá kù láti nǹkan bí 35 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin.

Ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀

Ní Nàìjíríà, kókó sábà máa ń ti tóbi kí obìnrin tó dé ilé ìwòsàn, èyí sì túmọ̀ sí pé àyíká rẹ̀ ti gbilẹ̀, ọ́ksíjìn inú rẹ̀ sì ti dín kù. Àìtó ẹ̀jẹ̀ tún ń dín ọ́ksíjìn náà kù sí i. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ṣáájú ìtànṣán.

Ojoojúmọ́ iṣẹ́ ni a sábà ń fún aláìsàn ní ìtànṣán, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Pípín in bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tó dára rí àyè tún ara ṣe, kí ọ́ksíjìn sì dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Bí ìtọ́jú bá dúró lágbedeméjì, jẹjẹrẹ tó ṣẹ́kù a máa pọ̀ sí i. Láti Èjìgbò, ọ̀nà Ìwó ni a lè gbà lọ sí UCH ní Ìbàdàn. Ibùdó NSIA-LUTH tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2019 wà ní Èkó. Àwọn ọmọ Èjìgbò tó ti pẹ́ ní Abidjan, wọ́n sì pọ̀, ní ibùdó ìtànṣán Alassane Ouattara níbẹ̀. Fún ẹni tó ń ti ilé bọ̀, ibi tí yóò máa sùn ní ìlú náà títí ìtànṣán yóò fi parí jẹ́ apá kan ìtọ́jú, ó sì dára kí ó bá àwọn oníṣègùn sọ ọ́ kí ọjọ́ kìíní tó pé.