Ìwọ̀ dídẹ lódò kéékèèké (ìwọ̀-oòrùn Èkìtì)

Ìwọ̀ dídẹ jẹ́ ọ̀nà ẹja pípa nínú àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láàárín igbó àti òkè ní agbègbè Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀pá oparun, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ àti ekòló ni ohun èlò rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò a fà, ẹja a sì há sínú ibú. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló dára jù: omi a dàrú, àrọ̀ a sì gòkè odò lọ yé ẹyin létí omi. Irùngbọ̀n ni àrọ̀ fi ń wá oúnjẹ nínú òkùnkùn, nítorí náà alẹ́ ló máa ń gbé ìwọ̀ jù. Ọ̀sán ni ti èpìyà. Májèlé tí àwọn kan ń dà sódò ń pa ọmọ ẹja mọ́ ìyá. Ìwọ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.