Èkó Gba Ife, Ìbàdàn Gba Àlejò

Bí wọ́n bá dárúkọ ọdún 1980 fún ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, ibì kan náà ni ọkàn gbogbo wọn máa ń lọ: pápá ìṣeré Sùúrùlérè l'Ékòó, ọjọ́ 22 oṣù kẹta, Nàìjíríà 3, Àlgéríà 0. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ọ̀kan, Ààrẹ Shehu Shagari gbé ife fún Christian Chukwu, balógun ikọ̀, ìlú sì dà rú fún ayọ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ni mí, Òkè-Àdó ni wọ́n bí mi sí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń dùn mí pé apá kan ìdíje Ife Àwọn Orílẹ̀-Èdè Áfíríkà yẹn ń bọ́ sọnù nínú ìtàn. Ìlú méjì ló gba Áfíríkà lálejò lọ́dún náà, ọ̀kan ṣoṣo là ń dárúkọ.

Ikọ̀ 8 ló wá. Nàìjíríà, Íjíbítì, Ivory Coast àti Tànsáníà dúró sí Èkó. Gánà, Àlgéríà, Mòrókò àti Gínì bọ́ sọ́wọ́ tiwa, ní pápá Liberty. Ẹ wò ó dáadáa: Nàìjíríà kò sí nínú àwọn tí wọ́n pín fún Ìbàdàn. Eré 6 ti ìpín náà, àti ọ̀kan nínú eré 2 tó kángun sí àṣekágbá, ìṣojú wa ni wọ́n ti gbá wọn, àlejò ló sì ń bá àlejò gbá a. Ẹni tó lọ sí Sùúrùlérè lọ́dún náà, ó lọ kí tiwa lè borí ni. Ẹni tó sanwó wọ Liberty, bọ́ọ̀lù ló lọ wò. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ìgbàlejò wà.

Pápá náà ti mọ àlejò kó tó di ìgbà yẹn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ọ, wọ́n sì ṣí i lọ́jọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 1960, nígbà tí òmìnira ku ọ̀la. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà lóṣù kẹjọ 1963, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún oyè àgbáyé nílẹ̀ àwa aláwọ̀ dúdú. Ibẹ̀ náà ni ilé Shooting Stars, tó na Tonnerre ti Yaoundé ní 1976, tó sì di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà.

Nínú àwọn mẹ́rin tó wá sọ́dọ̀ wa, Gánà ló ní ẹbí nílùú. Àwọn ló gba ife tó kẹ́yìn, ní Accra ní 1978. Ẹ̀ẹ̀kẹta wọn nìyẹn lẹ́yìn 1963 àti 1965, wọ́n sì tìtorí ẹ̀ gbé ife àtijọ́ lọ sílé pátápátá, tó fi jẹ́ pé ife tuntun ni wọ́n ń dù ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo ń sọ. Ọrọ̀ ajé Gánà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, owó epo sì ń ṣàn nílẹ̀ wa. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ti là á sílẹ̀ pé kí ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè wọlé láìgba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Gómìnà Bọ́lá Ìgè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn ọmọ sì ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama bí omi. Níbo la ti fẹ́ rí tíṣà tó pọ̀ tó? Gánà ni. Ẹni tó ń kọ́ wa ní ìṣirò, ará Kumasi ni, yàrá kan nínú àgbàlá wa ló sì ń gbé. Tíṣà ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Télọ̀ ni bàbá mi, etí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀, Tíṣà wá bá a pé òun fẹ́ àsíá. Bàbá mi tú apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ sílẹ̀, ó rí pupa, ó rí yẹ́lò, ó rí àwọ̀ ewé, ó tò wọ́n léra. Ìràwọ̀ dúdú àárín ló fún un níṣòro. Ó gé e lẹ́ẹ̀kíní, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìyókù lọ. Ló bá di pé Tíṣà sáré wọ yàrá, ó gbé kọ́ńpáàsì tó fi ń kọ́ wa jáde, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrìkìtì sórí àjákù ṣòkòtò dúdú kan, ó pín etí rẹ̀ sí márùn-ún, ó sì fi rúlà so àwọn àmì náà pọ̀ ní fífo ọ̀kan láàárín. Bàbá mi ò sọ̀rọ̀. Ó gé e tẹ̀lé ilà ṣọ́ọ̀kì, ó fi máṣínnì Singer rẹ̀ rán ìràwọ̀ náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣí, ó sì kọ̀ láti gba kọ́bọ̀ kan. "Àlejò kì í sanwó àsíá," ló wí.

Àsíá yẹn la gbé lọ wo Gánà àti Gínì. Àsìkò agbálùmọ̀ ni, àwọn ìyá tó ń tà á jókòó láti ẹnu ọ̀nà Liberty títí dé ojú títì, ilẹ̀ sì kún fún hóró rẹ̀ débi pé ó ń yọ̀ ní ẹsẹ̀. Àwọn ará Gánà ti gba apá kan pápá: tíṣà, bíríkìlà, aránbàtà, àwọn obìnrin tó ń ta búrẹ́dì. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù funfun sókè. Àwa ọmọ Ìbàdàn pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn kan wà lẹ́yìn Gínì tọkàntọkàn, torí pé ẹni tó bá na Gánà ti bá Nàìjíríà ṣe ìdajì iṣẹ́. Èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àsíá bàbá mi lọ́wọ́. Gánà gbá ọ̀kan wọlé, 1-0 náà ló parí sí, ẹnikẹ́ni tó jókòó nítòsí wa lọ́jọ́ náà, ì báà ṣe Gánà, ì báà ṣe Yorùbá, bára wọn bọwọ́.

Ayọ̀ wọn ò pẹ́. Wọ́n ti ta ọ̀mì pẹ̀lú Àlgéríà láìsí góòlù, Mòrókò sì tún na àwọn náà 1-0. Àmì 3 ni Gánà ní, àmì 3 ni Mòrókò ní. Góòlù 2 ni Mòrókò gbá wọlé ní Ìbàdàn, Gánà gbá 1. Góòlù kan ṣoṣo yẹn ló dá àwọn tó ni ife padà sílé. Alẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà ò jáde ní yàrá. Ìyá mi gbé àmàlà lọ bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ṣáà fẹnu kan nǹkan." Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ti ilẹ̀kùn.

Àwọn tó gba ojú mi jù ni Àlgéríà. Eré mẹ́rin ni wọ́n gbá ní Liberty kí Èkó tó fojú kàn wọ́n. A rí Lakhdar Belloumi kó tó di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. A rí bí wọ́n ṣe ń gba bọ́ọ̀lù fún ara wọn pẹ́kípẹ́kí, tí kò sẹ́ni tó ń sáré kiri lásán. Àwọn àti Íjíbítì gbá 2-2 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, kí wọ́n tó fi pẹ́nárítì borí, 4-2. Àgbà Ìbàdàn tó jókòó sórí kọnkéré lọ́jọ́ náà mọ̀ pé iṣẹ́ ń dúró de àwọn ọmọ wa l'Ékòó.

Ẹ̀rù sì ń bà wá lóòótọ́. Ní oṣù kọkànlá 1977, ní Sùúrùlérè yìí kan náà, Godwin Odiye fi orí gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé tiwa, Tùníṣíà borí 1-0, ọ̀nà Ife Àgbáyé sì dí mọ́ wa. Ọdún méjì ààbọ̀ kò tíì tó láti gbàgbé irú ìyẹn. Ní ọjọ́ àṣekágbá, Àbámẹ́tà, ọdún Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ ọdún tí kò tíì parí kún ṣọ́ọ̀bù bàbá mi dé òkè. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọ̀kankan. Rédíò wà lórí tábìlì tó ti ń gé aṣọ, Ernest Okonkwo ló ń ròyìn eré. Òun ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical", tí orúkọ náà fi mọ́ ọn lára. Àwọn àgbà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe fáàrí ṣáájú. Ìṣẹ́jú kejì ni Ọdẹ́gbàmí gbá àkọ́kọ́ wọlé. Bàbá kan tó ṣì ń wá ibi tí yóò jókòó kò jókòó mọ́ títí eré fi parí.

Ẹ wá jẹ́ kí n ka nǹkan kan fún yín. Góòlù tó na Mòrókò 1-0 ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Felix Owólabí ló gbá a. Góòlù mẹ́ta ti àṣekágbá, Ọdẹ́gbàmí méjì, Lawal ọ̀kan. Shooting Stars ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé, Shooting Stars ni. Ọdẹ́gbàmí, Pólì Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Múdà Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó mú un lọ. Otto Glória ará Brasil, tó mú Pọtogí ṣe ipò kẹta ní Ife Àgbáyé 1966, ló kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ Rangers àti ti ibòmíràn. Ìbàdàn ò rí ikọ̀ Nàìjíríà gbá bọ́ọ̀lù kankan, síbẹ̀ ọmọ tí Liberty tọ́ ló gba ife náà wálé.

Ní 1981, Àlgéríà padà wá sí Sùúrùlérè fún eré àtiwọ Ife Àgbáyé, wọ́n sì na wá 2-0 lójú ará ilé wa. Èkó ń ké pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ní Òkè-Àdó, a mọ àwọn tó wá. Nígbà tí wọ́n na Jámánì 2-1 ní Sípéènì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí Belloumi wà lára àwọn tó gbá a wọlé, a pariwo fún wọn bí ẹni pé ọmọ àdúgbò ni.

Oṣù kìíní 1983 ni ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ, ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Tíṣà ní ìwé, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe bíríkìlà ní Mọ́lété ni àṣẹ náà bá, Tíṣà sì ní òun ò lè jẹ́ kó dá lọ. Àwọn tó jókòó tì wá ní Liberty, tí a bọwọ́, tí a fún ní agbálùmọ̀ jẹ, àwọn náà ló di ẹrù wọn sínú báàgì oníláìnì tí ọjà wa ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Mi ò gbà pé ẹnikẹ́ni lè kọ ìtàn ìdíje 1980 kó má kọ èyí tì í. Ààrẹ kan náà ló gbé ife fún wa tí àṣẹ yẹn jáde lábẹ́ ìjọba rẹ̀.

Nígbà tí ìdíje náà tún dé ní 2000, Èkó àti Kánò ni Nàìjíríà lò, Ìbàdàn kò sí níbẹ̀. Láti 2010 ni Liberty ti ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ àwọn tí pápá náà wà níkàáwọ́ wọn ni pé kí wọ́n kọ eré méjèèje sára ògiri ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà gàdàgbà, ikọ̀ àti iye góòlù, kí wọ́n kọ ti Gánà àti Gínì sísàlẹ̀ níbi tí ọmọ kékeré ti lè kà á.