Ọkọ̀ Ojú Omi Lórí Ìyàngbẹ Ilẹ̀: Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun ní Umuahia

Kò sí òkun ní Umuahia, kò sì sí ọ̀sà. Síbẹ̀, ọkọ̀ ogun ojú omi kan, NNS Bonny, wà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀ nínú ọgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà ní ìlú náà, tíí ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Abia. Ẹbí tó bá kó ọmọ lọ síbẹ̀ lásìkò ìsinmi ilé-ìwé, ìbéèrè méjì ni kí wọ́n máa retí: báwo ni ọkọ̀ yìí ṣe dé ibí, àti pé ta ni wọ́n fi bá jà? Èyí àkọ́kọ́, ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ọgbà lè dáhùn rẹ̀. Èkejì ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fi "nígbà tó o bá dàgbà" yẹ̀ sílẹ̀.

Ilé-ìwé kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2009 ni ìjọba ti yọ ìtàn kúrò lára ẹ̀kọ́ tó dá dúró ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó ní àwọn ń dá a padà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ní ti ogun abẹ́lé yìí, ọ̀pọ̀ ilé ni àrọ́bá gan-an kò ti sí.

Kì í ṣe èèṣì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fi wà ní Umuahia. Nígbà tí Enugu bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1967, Umuahia ni ìjọba Odumegwu Ojukwu wá fi ṣe ibùjókòó, títí ìlú náà fi bọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1969. Ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò Bìáfírà wà nínú ọgbà náà. Ọdún 1985 ni wọ́n ṣí ibẹ̀ fún aráàlú. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò náà yóò mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni wọ́n fi jagun náà. Wọ́n fi ohùn jà á pẹ̀lú.

Òde ni ojú ọmọdé yóò wà ní tirẹ̀. Ọkọ̀ tí Bìáfírà fi irin bò, tí wọ́n ń pè ní Red Devil, wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ogbunigwe, àdó olóró tí orúkọ rẹ̀ lédè Ìgbò túmọ̀ sí ohun tó ń pa ènìyàn lọ́pọ̀ yanturu. Ìjọba àpapọ̀ ti dí ojú òkun, ohun ìjà kò rọrùn láti kó wọlé mọ́, ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ Bìáfírà bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ tiwọn. Wọ́n tún ń fọ epo rọ̀bì fúnra wọn. Orílẹ̀-èdè tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to ìlà epo kò yẹ kó fojú kéré irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n irin ló ṣe é gbé kalẹ̀ sínú ọgbà. Ebi kò ṣe é gbé kalẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n dí kí ìbọn má baà wọlé, òun náà ni oúnjẹ kò rí gbà. Ara àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wú, irun wọn pupa, awọ ara wọn ń bó: kuwaṣiọ́kọ̀ ni. Ebi àti àìsàn pa ju ìbọn lọ, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé àwọn tó kú lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gun orí ọkọ̀ ogun kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò, ọjọ́ orí tirẹ̀ àti èyí tó kéré sí i ló pọ̀ nínú wọn.

Èrò kan wà tí ilẹ̀ Yorùbá fi ń tu ara rẹ̀ nínú, pé ìjà Hausa àti Ìgbò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aguiyi-Ironsi, ológun àkọ́kọ́ tó ṣe olórí Nàìjíríà, ọmọ Umuahia yìí ni. Ìbàdàn ni wọ́n ti mú un lọ pa ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn tó gbà á lálejò, bá a kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, Victor Bánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló ṣáájú ọmọ ogun Bìáfírà tó gba Ìlú Bìní, kí wọ́n tó dá wọn dúró ní Òrè. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Bìáfírà yìnbọn pa á lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ní ìhà kejì, Benjamin Adékúnlé, tí baba rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ló kó ọmọ ogun wọ Bìáfírà láti etíkun. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ rọ́pò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ogun parí sí ní oṣù Kìíní ọdún 1970.

Orúkọ kan ṣì kù tí òbí Yorùbá kò lè fò. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó nígbà tí Nàìjíríà pààrọ̀ owó rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1968. Owó àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Bìáfírà di bébà lásán, àwọn náà sì tẹ tiwọn. Awólọ́wọ̀ ṣàlàyé àwọn ìpinnu ìgbà ogun náà nígbà ayé rẹ̀, ọ̀pọ̀ Ìgbò kò sì gba àlàyé náà títí di òní. Ọmọ tó bá rí owó Bìáfírà yóò fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní owó ní báńkì lẹ́yìn ogun. Ogún pọ́n-ùn ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún ló fi pamọ́, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún.