Bí Oúnjẹ Kò Ṣe Ní Ṣòfò Nígbà Tí Iná Bá Lọ

UNEP, àjọ àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2024 pé nǹkan bíi kílò 113 oúnjẹ, títí kan èèpo àti egungun, ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà ń dà nù nílé lọ́dún. Ẹni tó ń ná ọjà ní Ìyànà Ìba mọ̀ pé owó ńlá nìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ìrẹsì sùn sínú ìkòkò. Kó tó pé wákàtí méjì, ẹ pín in sínú ike pẹlẹbẹ kó tètè tutù, kẹ́ ẹ gbé e sí fíríjì. Májèlé inú ìrẹsì tó ti sùn síta kì í lọ, bẹ́ ẹ tilẹ̀ tún un gbé kaná.

Ẹ lè din iṣu sísè àná. Ẹ se ata lílọ̀ gbẹ, kẹ́ ẹ dì í sọ́rá ní ìwọ̀n ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, kó wọ fírísà.

Tí wọ́n bá mú iná lọ l'Ọ́jọ̀ọ́, Ìba tàbí Okokomaiko, ẹ má ṣí fírísà. Tó bá kún, ó lè mú oúnjẹ dúró fún wákàtí 48. Tó bá jẹ́ ìdajì, wákàtí 24. Èyí tí yìnyín ṣì wà lára rẹ̀ ṣì lè padà dì. Ẹran tàbí ọbẹ̀ tí kò tutù mọ́ fún ohun tó ju wákàtí méjì lọ, ẹ dà á nù: owó ọbẹ̀ kò tó owó ilé ìwòsàn.